Ọ̀sán gangan ni mo máa ń gé aṣọ bàjẹ́: báwo lẹ ṣe ń pín agbára ojúmọ́ níṣẹ́ télọ̀?

Aránṣọ_Olúyọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Aṣọ obìnrin ni ṣọ́ọ̀bù wa ń rán: ìró àti bùbá, gáùn àǹkárá, gáùn léèsì tó ní láínìn. Maṣíìnì ìránṣọ 3 ló wà níbẹ̀, ti wíwífì (èyí tó ń di etí aṣọ kó má tú) 1, ọmọ iṣẹ́ 2. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti mọ aṣọ rán dáadáa.

Bí ojúmọ́ ṣe ń lọ nìyí. Aago 5:30 ìdájí ni jíjí, aago 8 ni ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wá wọn ara àti àwọn tó wá gbaṣọ ló ń gba gbogbo àárọ̀ títí di aago 12. Oúnjẹ gidi kan ṣoṣo ló wà, ní aago 1: èbà tàbí àmàlà, àjẹyó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ gígé ń bẹ̀rẹ̀ títí di aago 4, rírán sì di aago 9 alẹ́, nígbà mìíràn aago 12 òru. Énájì dírínkì ike 2 lóòjọ́, ọ̀kan ní aago 2 ọ̀sán, ọ̀kan ní aago 7 alẹ́. Oorun kì í pé wákàtí 6.

Àwọn àṣìṣe oṣù yìí nìkan: apá òsì méjì fún gáùn kan, kò sí apá ọ̀tún, ìwọ̀n ìbàdí tí a fi gé àyà, àǹkárá ẹlẹ́yẹ tí ẹyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kodò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín aago 1:30 sí aago 4.

Iṣẹ́ wo ló yẹ kó wà ní wákàtí wo? Ṣé oúnjẹ ló ń fà á ni, àbí énájì dírínkì? Iléyá ku ọ̀sẹ̀ 3, aṣọ ti ń wọlé.

---

Bàbá Àlùmọ́gàjí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdánù aṣọ. Ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ sílẹ̀ ná, ká wo bí iṣẹ́ ṣe tò. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wa pín sí: èyí tó ṣeé tú àti èyí tí kò ṣeé tú. Bí ojú ìrán bá wọ́, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un rán, ìṣẹ́jú 15 ló bá a lọ. Ohun tí àlùmọ́gàjí bá ti gé, ó ti gé. Wákàtí tí ojú yín dá jù lọ láàárọ̀, ti àlùmọ́gàjí ni. Ẹ̀yin wá fún oníbàárà ní wákàtí yẹn, ẹ gbé aṣọ gígé sí ìgbà tí oorun ń kùn yín.

Ẹ pààrọ̀ wọn. Aago 8:15, ẹ jókòó ti ìwé ìwọ̀n, ẹ ka gbogbo aṣọ tí ẹ fẹ́ gé lọ́jọ́ náà. Aago 8:30 sí 11, gígé nìkan. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ló ń kí ẹni tó bá yà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi sí ojú WhatsApp yín pẹ̀lú: "Wíwọn ara àti dídán aṣọ wò, aago 12 sí 3." Oníbàárà á kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì mọ́ wọn lára. Ẹni tó wà lórí ìdúró, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kì í tètè tòògbé, ìdí nìyẹn tí wíwọn ara fi bá ọ̀sán mu. Kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ bí ẹ ṣe ń pè, kó sì kà á padà fún yín kí oníbàárà tó kúrò nídìí dígí.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a máa ń kà sí iṣẹ́ kékeré, tí a fi ń parí alẹ́, tí wọn ò ṣeé tú bákan náà. Wíwífì ni àkọ́kọ́. Maṣíìnì yẹn ní ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ibòmíràn lára gáùn bá ká sábẹ́ rẹ̀, á gé e mọ́ etí, ihò á lu sí àárín aṣọ. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí léèsì polyester, ó yọ́ nìyẹn. Fífi abẹ tú ojú ìrán nígbà tí ojú ti rẹ̀, ó ń ya aṣọ. Kí gbogbo èyí parí kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ti alẹ́ ni bọ́tìnnì, ṣíṣẹ́ etí lọ́wọ́, gbígbá òwú kúrò lábẹ́ maṣíìnì, fífún un lóróró, àti kíká aṣọ sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ lára.

Àwọn àṣìṣe yín gan-an ńkọ́? Apá òsì méjì máa ń wáyé tí aṣọ bá tẹ́ ní ìpele kan ṣoṣo, tí a sì gbé pátánù kan náà lé e lẹ́ẹ̀mejì láìyí i padà. Ẹ ṣẹ́ aṣọ po, ojú kọ ojú, ẹ fi píìnì mú un, kí ẹ gé apá méjèèjì pọ̀. Bí aṣọ kò bá tó ṣẹ́ po, ẹ gé ẹyọ kan, kí ẹ wá da ojú rẹ̀ dé ojú aṣọ tó kù, kí ó di pátánù ìkejì. Àǹkárá tó lórí tó nídìí, ní òró ni kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí etí méjèèjì pàdé. Ẹ má ṣẹ́ ẹ ní ìbú, torí ìpele kan á dorí kodò lójú yín, ẹ ò sì ní rí i títí ẹ ó fi ṣí i. Kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sí ẹ̀yìn gbogbo ègé, kí orí ọfà kọjú sí ọrùn, kí ẹ sì kọ "ọ̀" (ọ̀tún) sí i tàbí "òs" (òsì). Ti ìbàdí tó di àyà, ọmọ iṣẹ́ ni yóò mú ìwé dání: òun á pe "àyà, 40," ẹ̀yin á fi téèpù wọn ojú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó dá a lóhùn iye tí ẹ rí. Ìṣẹ́jú 2 fún aṣọ kan.

Àárọ̀ tí mo ń pè, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn o. Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í dá kó tó di aago 10. Ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé kan, ọjọ́ 7 péré. Ní aago 8, 10, 12, 2, 4, 6 àti 8, ẹ kọ bí ara ṣe rí láti 1 dé 5. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ aago tí ẹ sùn, ohun tí ẹ jẹ, àti gbogbo ohun tí ẹ tú tàbí tí ẹ gé bàjẹ́. Níbi tí 4 àti 5 bá ti pọ̀ jù, ẹ gbé tábìlì ìgéṣọ síbẹ̀.

---

Ìyá Nọ́ọ̀sì

Bàbá ti mú ti iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú ti ara.

Ọ̀sán tó ń rẹ̀ yín yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara èèyàn ní aago tirẹ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ láàárín nǹkan bí aago 1 sí 3, kódà bí èèyàn ò bá jẹun. Ẹ̀yin ẹ mọ ewé patanmọ́ tí àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn kó lè pa dé. Ní 1729, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Ewé náà ń ṣí lójú ọ̀sán, ó ń pa dé lálẹ́, láìrí oòrùn rárá. Bí aago inú ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ohun alààyè ló gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ní 2017. Ẹ ò lè pa ìrọlẹ̀ ọ̀sán rẹ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń sọ ọ́ di kòtò jíjìn: oorun tí kò tó, àti òkìtì èbà.

Oorun ló wúwo jù. Láti ìgbà tí ẹ bá ti jí ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń mú kí ojú wúwo. Oorun ló ń gbá a kúrò. Kaféènì inú énájì dírínkì kò gbá nǹkan kan kúrò. Ó kàn lọ gba ìjókòó rẹ̀ ni. Bí kaféènì bá dìde, èyí tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí 5 sí 6 ni ìdajì kaféènì fi ń kúrò lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti aago 7 alẹ́ yẹn, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára yín láàárín òru. Ẹ lè sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun náà á fúyẹ́, ẹ ó jí pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ ó sì tún wá òmíràn mu.

Ẹ yí ike náà po, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi mílígíráàmù 30 kaféènì nínú mílílítà 100. Bí ike bá jẹ́ mílílítà 500, 150 nìyẹn. Ike 2 jẹ́ 300. Àgbàlagbà tára rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá 400 lóòjọ́, aboyún kò gbọdọ̀ kọjá 200. Ẹ ka obì mọ́ ọn o: àbàtà àti gbànja, méjèèjì ní kaféènì. Ẹ wo ṣúgà náà. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 11 nínú mílílítà 100, 55 ló wà nínú ike náà, ó ju ṣúgà onígun 13 lọ.

Ẹ má ṣíwọ́ lójijì, orí á fọ́ yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ yọ ti alẹ́ kúrò pátápátá. Ọjọ́ 4, ẹ gbé ti ọ̀sán wá sí aago 10 àárọ̀. Ọjọ́ 7, kí ó di ìdajì ike. Lẹ́yìn aago 1 ọ̀sán, omi nìkan.

Ní ti oúnjẹ, ẹ pín in. Kí ẹ tó jáde: ẹ̀kọ 2 pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín 1, tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin 2. Aago 12:30, ìdajì èbà tí ẹ máa ń jẹ. Kí ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí òkèlè tó tẹ̀ lé e. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò ní fò sókè kó sì jábọ́. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ lọ ra òwú tàbí síìpù tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Aago 4, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ gbé ìgò omi sórí tábìlì. Ẹni tó wọn kílò 70, bí omi tó tó lítà 1 bá ti bá òógùn lọ lára rẹ̀ láìdá a padà, ọkàn rẹ̀ kò ní pa pọ̀ mọ́. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì, omi ò tó.

Oorun ọ̀sán ìṣẹ́jú 20 dára, pẹ̀lú áláàmù, lórí bẹ́ǹṣì, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá kọjá 30, ẹ ó ti wọnú oorun ìjìnlẹ̀, orí á wúwo nígbà tí ẹ bá jí. Ẹ ṣan ojú, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí tàbí áyọ́ọ̀nù.

Ọ̀kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kàn: ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ọkàn rẹ̀ ń ṣe bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jí ní 5:30, aago 10:30 alẹ́ nìyẹn. Ẹ má wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sílé láago 12.

Bí ẹ bá sùn wákàtí 7 fún ọ̀sẹ̀ 2 tí ara kò sì kúrò nínú àárẹ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) obìnrin tó bá wà lábẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní òfìfo inú tó bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì, ẹ rí dókítà. Ibà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lo oògùn. Bí ẹni tó sùn tì yín bá ní ẹ máa ń han-run títí èémí á fi dúró díẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún dókítà pẹ̀lú, torí irú oorun bẹ́ẹ̀ kì í sinmi ara dáadáa, bó bá tilẹ̀ pé wákàtí 8.

---

Aránṣọ_Olúyọ̀lé

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ ṣeun mà. Ìṣòro méjì ló kù. Iná kì í sí lóru, ooru kì í jẹ́ kí oorun wá kó tó di aago 1. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, ariwo rẹ̀ nìkan tó nǹkan. Ìkejì, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú Iléyá, kò sí bí a ò ṣe ní ṣe òru.

---

Oníná_Àgbà

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò lábẹ́ fèrèsé lónìí, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, kò ní àwọ̀, kò lóòórùn tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fa orí fífọ́, àárẹ̀, èébì; púpọ̀ rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Ó lè jẹ́ òun náà wà nínú àárẹ̀ ọ̀sán yín. Ẹ wò ó báyìí: bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin àtọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde síta fún ìdajì wákàtí, òun ni. Mítà 6 ó kéré tán sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín kọjú síbòmíràn. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn. Wáyà tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi fa iná náà wọlé, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn á máa gbóná, áyọ́ọ̀nù kò sì ní gbóná bó ṣe yẹ.

Ti ooru: ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó wá. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ní wákàtí kan kí ẹ tó sùn. Omi yìnyín kò ṣe é, ó ń mú kí awọ ara pa dé, ooru á há sínú. Aṣọ tútù lórí ẹsẹ̀, fáànù oníbátìrì. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, torí ògiri búlọ́ọ̀kù á máa tú ooru yẹn sílẹ̀ títí di òru.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní àsìkò. Ní Ìbàdàn, láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7 ni oòrùn ń yọ. Ẹ dúró níta fún ìṣẹ́jú 15, òun ló ń tún aago ara tẹ̀. Gílóòbù funfun tó mọ́lẹ̀ dáadáa lókè tábìlì ìgéṣọ, kó má ṣe wà lẹ́yìn yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji orí yín ni ẹ ó máa gé. Láti aago 9 alẹ́, gílóòbù onípupa rúsúrúsú ni kó kù. Kí ẹ tún wọn gíga tábìlì: íǹṣì 34 sí 36. Tábìlì tó bá kéré sí èyí, ẹ̀yìn ni yóò jẹ gbogbo agbára tí ẹ ń wá kiri.

---

Iṣẹ́_Òru, Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Àìsùn ló pọ̀ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbí, ìlànà rẹ̀ kan náà ni.

Ẹ má ṣe òru méjì léra. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe òru lónìí, ẹ sùn wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́sàn-án kó tó bẹ̀rẹ̀, bíi aago 1:30 sí 3. Ẹ dúró ní aago 2 òru pátápátá. Láàárín aago 3 sí 5 ni ara tutù jù, tí ọkàn sì fò lọ jù. Ohun tí ẹ bá rán nígbà yẹn, ẹ ó tú u láàárọ̀. Ẹ sùn aago 2:30 sí 7, kí ẹ tún sùn lọ́sàn-án. Wákàtí 4 kan náà ni kí ẹ dì mú lójoojúmọ́, kí ó má máa ṣí kiri, torí ara tí kò mọ ìgbà tí oorun ń bọ̀ kì í sùn wọra.

Mi ò bá Ìyá Nọ́ọ̀sì jiyàn lórí énájì dírínkì, ṣùgbọ́n ní òru kan ṣoṣo yẹn, ìdajì ike ní aago 9 alẹ́ sàn ju ike kan ní aago 12 lọ. Á ti máa dínkù nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sílé. Wíwífì àti áyọ́ọ̀nù, ẹ yọ wáyà wọn ní aago 10, kí ó má di pé ọwọ́ kan lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní December oòrùn kì í yọ kó tó di nǹkan bí aago 8, kò sì tó aago 4 tó fi wọ̀. Aláwọ̀ dúdú tó ń ti iṣẹ́ òru wọlé lè má rí i rárá. Máíkírógíráàmù 10 vitamin D lóòjọ́ ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ń dámọ̀ràn, fún àwa aláwọ̀ dúdú, kí a ronú lílò rẹ̀ yí ọdún po.

---

Bàbá Àlùmọ́gàjí

Gbogbo èyí kò ní ràn yín lọ́wọ́ bí aṣọ tí ẹ gbà bá ju agbára lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gba òmíràn. Aago 8:30 sí 11 jẹ́ ìṣẹ́jú 150. Aṣọ tí kò ní wàhálà ń gba ìṣẹ́jú 30 láti gé pẹ̀lú àyẹ̀wò: 5 lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ 3, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, 18 ni; ẹ yọ 3 tó kẹ́yìn fún dídán wò àti àtúnṣe, ó ku 15. Gígé lè mú 75 jáde. Rírán ńkọ́? Wákàtí 3 fún aṣọ kan, ẹ̀yin àti ọmọ tó mọ̀ ọ́n rán, wákàtí 6 ẹnì kọ̀ọ̀kan: 4 lóòjọ́, 60 ní ọjọ́ 15. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ mú, 60. Ẹ yọ ìdá márùn-ún rẹ̀ fún iná tó lọ, ara tí kò yá, síìpù tó já. 48 ló kù.

Gáùn léèsì tó ní láínìn, ẹ kà á sí aṣọ 2. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn 48, ẹ sọ fún un pé lẹ́yìn Iléyá ni. Ẹ má sọ pé ẹ ó gbìyànjú, torí "màá gbìyànjú" yẹn ló ń di aago 12 òru.

---

Aránṣọ_Olúyọ̀lé

A ti kà á bẹ́ẹ̀, léèsì ní méjì méjì: 41. Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò lábẹ́ fèrèsé. Aṣọ 7 ló kù tí a lè gbà, ọmọ iṣẹ́ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà.